Mo fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù àti fírìjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Abuja, báwo ni mi ò ṣe ní bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀?

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ti gbé ọkọ mi lọ sí Ìbàdàn níbi iṣẹ́, a máa kó kúrò ní Kubwa kí oṣù yìí tó parí, ẹrù tá ò lè kó dání pọ̀. Láptọ́ọ̀pù HP kan wà, fírìjì ńlá kan náà wà, méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mi ò ta nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Mo gbé láptọ́ọ̀pù yẹn sórí Jiji àti Facebook Marketplace lánàá, kò pẹ́ lẹ́nì kan pè mí, kò béèrè bóyá bátìrì ẹ̀ ń gbé iná dúró, kò ná an rárá, ó ní òun ti rà á nìyẹn, kí n fi nọ́ńbà àkáǹtì àti nọ́ńbà ara káàdì ATM mi ránṣẹ́ kóun lè sanwó, kí n sì gbé e wá bá dírẹ́bà òun ní Mararaba. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?

Bọ̀dá Láptọ́ọ̀pù Wuse 2:
Ẹ má fún un o, ìyá wa! Ẹni tó bá fẹ́ sanwó fún yín, nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ díjíìtì 10, orúkọ yín àti orúkọ báǹkì, ó parí. Nọ́ńbà ara káàdì, PIN, BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báǹkì), kò kàn án. OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá wọlé sórí fóònù yín, owó tó fẹ́ jáde ló wà fún, kì í ṣe èyí tó fẹ́ wọlé. Bó bá fi línkì ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kówó lè wọlé, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ra àlòkù tí ò ná an, tí ò sì fẹ́ fojú rí i, kì í ṣe oníbàárà.

Àlòkù láptọ́ọ̀pù ni mò ń tà, ohun tó ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tajà lára jù ni fake alert. Á tẹ fóònù ẹ̀ lójú yín, á fi hàn yín pé ó ti lọ, tẹ́ẹ̀sì á wọlé, orúkọ báǹkì yín gan-an ló máa wà lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ ò wọlé. Mo rí arákùnrin kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú plasa, ó ń wo báláǹsì, ó ń pa á, ó tún ń ṣí i, ẹni tó gbé fóònù tó ń tà ti wọ mọ́tò lọ. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Nítorí náà ẹ má wo sikirinṣọ́ọ̀tì, ẹ má wo tẹ́ẹ̀sì, áápù báǹkì tiyín ni kẹ́ ẹ ṣí fúnra yín, kẹ́ ẹ mọ iye tó wà níbẹ̀ kó tó san. Bí dátà ò bá sí, ẹ tẹ kóòdù báǹkì yín láti wo báláǹsì, *737# ni ti GTBank, *894# ni ti First Bank, báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Bó bá ní nẹ́tíwọ̀kì ló dà á dúró, ẹ ní kẹ́ ẹ jọ dúró dè é. Láptọ́ọ̀pù ò gbọdọ̀ kúrò lórí itan yín.

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún un yín. Ibo wá ni ká ti pàdé? Fírìjì ńkọ́, mi ò lè gbé e káàkiri.

Àǹtí Lugbe:
Mararaba kọ́! Jabi Lake Mall, Ceddi Plaza, tàbí inú báǹkì tiyín níbẹ̀ ní Kubwa, lójú mọmọ, kẹ́nì kan sì tẹ̀ lé yín. Ẹ má wọ mọ́tò ẹnikẹ́ni, gbogbo wa la mọ bí one chance, àwọn olè tó ń fi mọ́tò gbé èrò, ṣe pọ̀ tó nílùú yìí. Bó bá jẹ́ owó lọ́wọ́ ló gbé wá, ẹ jọ wọ báǹkì, kí wọ́n kà á kí wọ́n sì san án sínú àkáǹtì yín lójú ẹsẹ̀.

Ti fírìjì, wọ́n máa wá sílé ni, kò sọ́gbọ́n ẹ̀. Ẹ gbé e sí bàrándà, ẹ gbé e síná láti àárọ̀ kó ti tutù kí wọ́n tó dé, ọjọ́ tí Bàbá Ìbejì wà nílé ni kẹ́ ẹ fi àdéhùn sí, ẹ sọ fún máìgáàdì. Àwọn fọ́tò yẹn náà, ẹ yẹ̀ wọ́n wò, kí yunifọ́ọ̀mù àwọn ìbejì tàbí nọ́ńbà ilé má hàn níbẹ̀.

Ọmọ Báǹkì Gwarinpa:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó ku ọ̀kan, èmi ò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sẹ́nikẹ́ni. Owó gidi lè wọlé kó ṣì di wàhálà. Gbájúẹ̀ á jí fọ́tò láptọ́ọ̀pù yín, á gbé e síbòmíì ní iye kan náà tẹ́ ẹ ń tà á, ẹnì kan ní Kano tàbí Jos á fẹ́ rà á, nọ́ńbà àkáǹtì tiyín ni gbájúẹ̀ máa fún un. Ẹni Kano á sanwó, ẹ̀yin á rí i nínú báláǹsì, gbájúẹ̀ tó dúró níwájú yín á gbé ọjà lọ. Nígbà tẹ́ni Kano bá retí ọjà tì, á lọ fẹjọ́ sùn, orúkọ yín ló wà lórí rìsíìtì tó mú dání, báǹkì sì lè ti àkáǹtì yín pa títí wọ́n á fi yanjú ẹ̀, bóyá owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀.

Ẹ wo orúkọ ẹni tó fowó ránṣẹ́. Bó bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà níwájú yín, tó ní ìyàwó òun ni, kó pè é kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló ń rà, ta ló ní kó wá gbé e. Bó bá kọ̀, ẹ má gbé ọjà sílẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ ara yín dá owó yẹn padà sí àkáǹtì tó bá pè fún yín, báǹkì yín ni kẹ́ ẹ pè. Ẹni tí wọ́n bá ti lù ní jìbìtì náà, báǹkì ni kó kọ́kọ́ pè lójú ẹsẹ̀, kó tó lọ bá ọlọ́pàá tàbí EFCC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti jìbìtì, ní Jabi.

Bọ̀dá Láptọ́ọ̀pù Wuse 2:
Òótọ́ lọmọ báǹkì sọ, wọ́n ń ṣe é gan-an. Ìyá Ìbejì, kẹ́ ẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù yẹn jáde, ẹ kó fọ́tò àti fáìlì yín sórí fúláàṣì, ẹ jáde kúrò nínú ímeèlì àti áápù báǹkì, kẹ́ ẹ wá pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́ pátápátá. Bí rìsíìtì tẹ́ ẹ fi rà á bá ṣì wà, ẹ mú un dání. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ (serial number) tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù sórí bébà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rà á àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀, kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Bẹ́ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Màá wá lọ́la. Ẹni àná yẹn tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní kó pàdé mi nínú báǹkì ní Kubwa, ó pa fóònù mọ́ mi létí.