Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi: sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún ìṣirò sákíìtì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Ohun tí mo ń wá ni sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó lè ṣírò fólítéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì nínú sákíìtì AC (iná tó ń lọ síwá sẹ́yìn) tó ní resistor, capacitor àti inductor. LTspice ni mo mú. Orí Windows àti Mac ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń lo Linux, ngspice tó wà nínú KiCad (sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún yíya sákíìtì) ti tó o.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ fi ground (ojú ibi tí sọ́fítíwíà ń pè ní nọ́ńbà 0) sí sákíìtì yín, torí láìsí nọ́ńbà 0 yẹn, kò síbi tí yóò ti máa wọn fólítéèjì. Ojú ibi tó bá wà láàárín capacitor méjì tó tò tẹ̀ lé ara wọn kò ní ọ̀nà DC (iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo) kankan, ìyẹn sì lè mú kí sọ́fítíwíà náà kígbe "singular matrix", pé òun kò rí ìṣirò náà yanjú. Ẹ so resistor 1G (ohm bílíọ̀nù kan) láti ibẹ̀ lọ sí ground.

Lẹ́tà M ló burú jù. Mílì (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún) ni SPICE, ìyẹn irú ètò tí LTspice àti ngspice jẹ́, ń kà á sí, ì báà jẹ́ ńlá tàbí kékeré. Mẹ́gà (mílíọ̀nù) ni Meg, nítorí náà 1Meg ni kẹ́ ẹ kọ.

Nínú SINE (ìgbì tí ẹ ń kọ fún orísun iná), téńté ìgbì ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe RMS (iye tí a sábà ń pe fólítéèjì AC): 325 ni ti 230 V. Fún 50 Hz, .tran 200m (àṣẹ láti ṣírò mílísẹ́kọ́ǹdù 200) yóò fún yín ní ìyípo 10. Ẹ fi maximum timestep (ìṣísẹ̀ àkókò tó gùn jù) sí 20u (máíkírósẹ́kọ́ǹdù 20) kí ìgbì má baà rí jágajàga. Ṣùgbọ́n .ac (àṣẹ tó ń wo ìṣe sákíìtì ní oríṣiríṣi Hz) kì í wo SINE rárá o! Àfi kẹ́ ẹ kọ AC 1 sára orísun iná náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òdo ni gbogbo èsì.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.