Outback mi ń gbọ̀n tí mo bá fẹ́ yà, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mọ Subaru Outback 1999 dáadáa níbí, ọtomátíìkì ni o. Ó ti gbó lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣì mọ́. Tí mo bá gé ọwọ́ ẹ̀ dópin níbi tí mo ti fẹ́ páàkì, á máa fà tìkọ̀ bíi pé ẹnìkan dì í mú lẹ́yìn, á wá máa gbọ̀n gìrìgìrì, àgàgà tó bá ti gbóná. Mo ki fíúsì sí ihò FWD (èyí tó ń jẹ́ kí táyà iwájú nìkan máa fa ọkọ̀) lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná ẹ̀ tàn ní dáṣíbọọ̀dù, gbígbọ̀n yẹn sì dáwọ́ dúró, ṣé ìyẹn ò túmọ̀ sí pé Duty C solenoid (fáàfù oníná inú gíà tó ń darí agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn) ṣì ń ṣiṣẹ́? Táyà ẹ̀yìn ṣì tuntun, ti iwájú ti jẹ, ṣé ìyẹn nìkan lè fà á àbí kí n kọ́kọ́ yí ọ́ìlì gíà ná? Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ gíà látòkèdélẹ̀, owó yẹn ju owó ọkọ̀ lọ jàre.