Kí ni ká pe ẹ̀rí tí kò ṣojú ẹnikẹ́ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń túmọ̀ ìwé òfin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ká fi “ẹ̀rí ìfura” pe irú ẹ̀rí tí kò ṣojú ẹnikẹ́ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “circumstantial evidence”, tó jẹ́ pé àwọn nǹkan tó yí ìṣẹ̀lẹ̀ ká ni a fi ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fún wa ni ti ẹni tó jáde nílé tí kò padà mọ́: kò sí òkú, kò sí ẹni tó rí i nígbà tí wọ́n pa á, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pa á, ṣùgbọ́n a rí bàtà rẹ̀ létí odò, a sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹni tí wọ́n jọ jáde. Ẹlòmíràn dáhùn pé “ẹ̀rí àyíká” dára ju ìyẹn lọ. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́ pé n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní kóòtù, mo sì ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti gbé ẹjọ́ gba ọ̀nà tí kò yẹ.

Ti “ẹ̀rí àyíká” kò gùn. Létí ọ̀pọ̀ èèyàn wa lónìí, ìmọ́tótó, gọ́tà, igbó àti odò ni àyíká. Ìyá tí a bá sọ fún pé ẹ̀rí àyíká ni wọ́n fi mú ọmọ rẹ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ àdúgbò tí ọmọ náà ń gbé ni. Ńṣe ni a ṣẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí wẹ́wẹ́, tí a sì to ègé rẹ̀ jọ ní Yorùbá.

“Ẹ̀rí ìfura” ló yẹ ká jókòó tì. Lóòótọ́, ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n inú ẹni tó ń fura ni ìfura ń gbé. Kò sí lára bàtà, kò sí lára ẹ̀jẹ̀. Bàtà tó wà létí odò, bàtà lásán ni. Èmi tí mo rí i ni àyà mi já. Bí mo bá wá so ìfura mi mọ́ ẹ̀rí, mo ti sọ ìfura mi di ẹlẹ́rìí fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó fẹ̀sùn kan ènìyàn yóò di “ẹ̀rí” mú nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò di “ìfura” mú, olúkúlùkù yóò sì gbà pé òun ló gbọ́ Yorùbá.

Ẹ wo òwe tí a máa ń pa bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí lágbára, ó sì ń yí ọkàn ìgbìmọ̀ padà, nítorí pé ó mú nǹkan méjì tó tẹ̀ léra, ó sì fi “ta ni kò mọ̀” dí àlàfo tó wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ kóòtù. Kò sí ẹni tó bá àjẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ. Igbe ni a gbọ́, òkú ni a rí, ọkàn wa ló fi ìyókù kún un. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà kò kú, tó kàn di àwátì, òwe náà kò tún ní ẹsẹ̀ kan tí yóò fi dúró.

Ọ̀ràn kan wà tó ti lé ní 360 ọdún, tí gbogbo ohun tí à ń jiyàn lé lórí wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1660, ní ìlú Chipping Campden ní Gloucestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ẹni 70 ọdún kan tó ń jẹ́ William Harrison fẹsẹ̀ rìn lọ sí Charingworth, tí kò ju nǹkan bíi máìlì méjì lọ. Ìríjú ni bàbá náà fún obìnrin ọlọ́lá tó ni ilẹ̀, owó ilẹ̀ ló sì fẹ́ lọ gbà. Ilẹ̀ ṣú, kò dé. Ìyàwó rẹ̀ rán ìránṣẹ́ wọn, John Perry, pé kó lọ wò ó. Ìránṣẹ́ náà pẹ̀lú kò padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí fìlà bàbá náà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ọ̀já ọrùn rẹ̀ àti òòyà rẹ̀. Wọ́n ti fi ohun mímú ṣá fìlà àti òòyà, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ọ̀já ọrùn. Ìlú tú jáde láti wá òkú, wọn kò rí i.

Perry wà látìmọ́lé. Ó rò báyìí, ó rò bẹ́ẹ̀, nígbà tó yá ló wá ní ìyá òun, Joan, àti arákùnrin òun, Richard, ló pa bàbá náà nítorí owó. Àwọn méjèèjì sẹ́ kanlẹ̀. Wọ́n wá ibi tó ní wọ́n ju òkú sí, òfìfo ni. Adájọ́ tó kọ́kọ́ dé kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn níwọ̀n ìgbà tí a kò rí òkú. Ní ọdún 1661, adájọ́ mìíràn gbọ́ ọ, wọ́n dá wọn lẹ́bi, wọ́n sì so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ lórí òkè Broadway. Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ so, nítorí wọ́n ní àjẹ́ ni, pé òun ló di àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu tí wọn kò fi jẹ́wọ́. Ní ọdún 1662, William Harrison wọ ìlú. Ó ní ńṣe ni wọ́n jí òun gbé, tí wọ́n sì ta òun lẹ́rú nílẹ̀ Tọ́kì. Ìtàn rẹ̀ ṣòroó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ààyè rẹ̀ kò ṣeé jà níyàn.

Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa bá mi wo ọ̀ràn yìí dáadáa, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ lòdì sí ohun tí orúkọ tí wọ́n dábàá ń sọ. “Ẹ̀rí ìfura” ń fi yé ènìyàn pé ẹ̀rí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti ẹni tó ní ó ṣojú òun, pé fìlà àti òòyà kò ju ìfura lọ. Ní Campden, fìlà kò parọ́. Ohun tí fìlà sọ ni pé ohun mímú kan kàn mí. Ohun tí ọ̀já sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ta sí mi. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òótọ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ní òun mọ̀ sí i, tó ní òun wà níbẹ̀, ni igi tí wọ́n fi so ènìyàn mẹ́ta rọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi orúkọ ṣe òté lé orí ẹ̀rí kan kí a tó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ pàápàá ní tirẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nítòsí àpáta Uluru ní Ọsirélíà, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kan, Azaria Chamberlain, di àwátì nínú àgọ́. Ìyá rẹ̀, Lindy, ní dingo, ìyẹn ajá igbó ilẹ̀ wọn, ló gbé ọmọ òun lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ fún kóòtù pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ wà nínú ọkọ̀ wọn, ní ọdún 1982 wọ́n sì rán ìyá náà lẹ́wọ̀n gbére. Nígbà tó yá ni a wá mọ̀ pé èyí tí wọ́n rí tó ta sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rárá, pé ohun tí wọ́n fọ́n sára ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kí ariwo rẹ̀ lè dínkù, ni. Ní 1986 wọ́n rí ẹ̀wù kékeré ọmọ náà nítòsí ibùba dingo, wọ́n sì tú ìyá sílẹ̀. Ní 1988 wọ́n fagi lé ìdálẹ́bi náà. Ó di 2012 kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé pé dingo ló pa ọmọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pe àbàwọ́n yẹn ní “ẹ̀jẹ̀” ti dá apá kan ẹjọ́ náà kí adájọ́ tó jókòó. Yorùbá ní “ohun tó jọ ẹ̀jẹ̀”, mo sì ń bẹ gbogbo ẹni tó ń ka ìròyìn pé kí wọ́n máa lò ó títí àyẹ̀wò yóò fi dé.

Mo ní ẹ̀bi tèmi láti jẹ́wọ́. Ìyá kan wá jẹ́rìí lórí ọmọkùnrin rẹ̀ tó di àwátì. Bàtà ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú tó ta ní kókó lẹ́ẹ̀mejì, kò sì jẹ́ kí akọ̀wé kóòtù gbà á lọ́wọ́ òun. Wọ́n bi í pé kí ló rí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Mo rí i pé òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti jọ jáde.” Mo túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló rí wọn tí wọ́n ń jáde, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agbẹjọ́rò bi í níbi tó dúró sí, ó ní inú ilé ìdáná ni òun wà; pé nígbà tí òun fi máa jáde, àwo ìrẹsì méjì ti ṣófo, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ara mi bù máṣọ. Mo dìde, mo bẹ adájọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún un túmọ̀, wọ́n sì gbà fún mi.

Ìyá náà kò ṣì í sọ. Èdè wa ti ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀ kí òfin tó dé. “Mo rí i tí wọ́n jọ jáde”: ojú ló jẹ́rìí. “Mo rí i pé wọ́n ti jọ jáde”: àwo àti ilẹ̀kùn ló jẹ́rìí, ọkàn ló so wọ́n pọ̀. Bákan náà ni “mo gbọ́ tó ń ké” kò ṣe jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú “mo gbọ́ pé ó ké”. Etí ara mi ni ti àkọ́kọ́, àgbọ́sọ ni èkejì lè jẹ́. “Tí” àti “pé” ni òṣùwọ̀n tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ nù nítorí pé a fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun.

Nítorí náà, àbá tèmi nìyí. Ẹ jẹ́ ká pe ti ẹni tó wà níbẹ̀ ní “ẹ̀rí ìṣojú”, láti inú “ó ṣojú mi kòró”. Ẹ jẹ́ ká pe ìkejì ní “ẹ̀rí ipasẹ̀”. Ọdẹ kì í ní láti rí ẹran kó tó mọ̀ pé ó kọjá: ó ń wo ipasẹ̀, ó ń wo ewé tó já, ó ń wo ẹrẹ̀ tó dàrú. Ipasẹ̀ kan ṣoṣo lè ṣì í lọ́nà. Bí púpọ̀ bá dojú kọ ibì kan náà, tí kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n lè já sí, yóò tẹ̀ lé e láìwẹ̀yìn. Ohun tí àwọn kóòtù Nàìjíríà sì ń béèrè gan-an nìyẹn kí wọ́n tó lè dá ènìyàn lẹ́bi ìpànìyàn láìrí òkú: kí àwọn ẹ̀rí náà tọ́ka sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kí wọ́n má fi àyè sílẹ̀ fún àlàyé mìíràn. Ní ti fìlà, bàtà àti òòyà, kí a tó mọ ibi tí wọ́n dojú kọ, “àmì” ni kí a máa pè wọ́n.

Mo tún fẹ́ ká ṣọ́ “láìsí iyèméjì” tí àwọn ìròyìn wa ń lò. Abala 135 òfin ẹ̀rí wa ti ọdún 2011 kò béèrè pé kí iyèméjì tán pátápátá. Iyèméjì tó nídìí, tó mọ́gbọ́n dání, ni kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. Bí a bá yọ “tó nídìí” kúrò, àwọn èèyàn yóò máa rò pé adájọ́ gbàbọ̀dè nígbàkígbà tí wọ́n bá rí iyèméjì kékeré kan nínú ìdájọ́.

Ó ku orúkọ ẹni tí à ń wá fúnra rẹ̀. “Ẹni tí à ń wá” kò dára, ọ̀daràn tó sá ni ọlọ́pàá ń pè bẹ́ẹ̀. “Ẹni tó pòórá” dàbí ìtàn iwin. Èmi fara mọ́ “ẹni àwátì”, nítorí pé àwa tí a wá a tì ni ọ̀rọ̀ náà ń ròyìn, kò sọ bóyá ó kú, bóyá ó sá, bóyá wọ́n jí i gbé. Ẹnìkan takò mí pé àwátì ti pa ilẹ̀kùn ìwákiri dé, pé ìdílé kò ní fẹ́ gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń pa á lówe pé kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó sọnù lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n Abala 164 òfin kan náà ní bí ọdún 7 bá kọjá tí àwọn tó yẹ kó gbúròó ẹnìkan kò gbúròó rẹ̀, a lè kà á sí òkú, àyàfi bí ìdí mìíràn bá wà tó lè ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ náà. “A kà á sí òkú”, kì í ṣe “ó ti kú”. A nílò ọ̀rọ̀ tí yóò gbé ẹni náà dúró láàárín méjèèjì fún ọdún 7 yẹn, n kò sì tíì rí èyí tó sàn ju àwátì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ọdẹ nílé, pàápàá ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ bá mi béèrè ohun kan lọ́wọ́ àwọn bàbá: kí ni wọ́n ń pe ipasẹ̀ òwúrọ̀ yìí, kí sì ni wọ́n ń pe èyí tí òjò ti rọ̀ sí? Bí orúkọ bá wà fún méjèèjì, a ti rí ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rí tó dá ni lójú àti èyí tí kò dá ni lójú.