Èsì: "Àsọyé fún Àwọn Ojúmìító"? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, rárá o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé.

Mo ti fẹ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ èèyàn mẹ́rin ló ti kan sáárá sí ẹ̀gbọ́n wa ti Peckham láti àná, bí mo bá sì dákẹ́, wọ́n á ní mo gbà. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ẹ̀gbọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìkéde ní Yorùbá nípa àwọn àsọyé ọ̀fẹ́ tí Gresham College máa ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn èèyàn wa níbí lè máa yà síbẹ̀. Àkọlé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ni "Àsọyé Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún Àwọn Ojúmìító".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ojúmìító kì í ṣe oríkì. Ẹni tó gbọ́ pé tọkọtaya ń jà nílé kejì, tó wá mú ìgbálẹ̀, tó ń gbá ẹnu ọ̀nà tó ti gbá láàárọ̀ kó lè gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀, òun ni ojúmìító. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ pè jáde nínú òtútù pé kó wá gbọ́ nípa ìràwọ̀?

Ẹ tún ní ojú + mì + itọ́ ni, "ojú tó ń gbé itọ́ mì". Ọ́ tó wà nínú itọ́ wá dà? Itọ́ là ń gbé mì, a kì í gbé itó mì. Lójú tèmi, "ojú mi í tó" ni, ìyẹn "kí ojú mi ó tó ibẹ̀". (Mo mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí mì kò gbè mí. Ẹ má tíì sọ mí lókò.) Àǹtí wa ti Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí n tó mọ á bí dí, ní àlọ́ lásán ni àlàyé méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹ ń pe èèyàn lọ ná. Oníṣòwò ni Thomas Gresham, òun ló dá Royal Exchange sílẹ̀, ilé ńlá tí àwọn oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù ti ń pàdé ná ọjà. Ó kú ní 1579, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún rẹ̀ pé kí wọ́n sọ ilé òun ní Bishopsgate di ibi àsọyé. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ni wọ́n tó rí i ṣe, ní 1597: ọ̀jọ̀gbọ́n méje, ìmọ̀ ìràwọ̀, jẹ́ọ́mẹ́tírì, ìṣègùn, òfin, orin, ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run àti ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ, kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Títí dòní wọn kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, wọn kì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí. O wọlé, o jókòó, o gbọ́, o lọ.

Èyí tó kàn wá níbẹ̀ ni pé Látìnì àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń foríbalẹ̀ fún yìí, èdè àwọn ọlọ́jà ló jẹ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn, Látìnì ni èdè ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn àsọyé Christopher Wren, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìràwọ̀ wọn, ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1660, ni àwọn kan nínú àwọn tó wá gbọ́ ọ jókòó jíròrò tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ tó di Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì, sílẹ̀. Ẹ lọ pe àwọn yẹn ní ojúmìító.

Ẹnì kan ní ká lo "abéèrè", torí abéèrè kì í ṣìnà. Ó dùn létí. Àmọ́ mo ti jókòó gbọ́ àsọyé wọn lẹ́ẹ̀mélòó kan ní gbọ̀ngàn Barnard's Inn. Ìparí ni wọ́n ń gba ìbéèrè, èèyàn bíi mẹ́rin ló sì ń nawọ́. Kí la fẹ́ pe àwọn tó kù?

Ìyá ìyá mi ṣe aláró ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá yọ aṣọ nínú ìkòkò, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Bí ewé tútù ló ń rí, omi á máa ro tótó lára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, etí aṣọ á kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà àárín, wọn á tún tì í bọ inú ìkòkò. Lọ́jọ́ tí mo yọjú wo yàrá ayálégbé, ojúmìító ni wọ́n pè mí, ìfọ́tí sì tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí mo bi wọ́n pé kí ló ń yí aṣọ padà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Eléyìí fẹ́ mọ̀dí ọ̀rọ̀." Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ́síjìn ni: nígbà tí ẹlú bá kan nínú ìkòkò, ọ́síjìn á tán nínú omi rẹ̀, aró á yí padà, á yòrò nínú omi eérú, á sì wọ inú òwú, bí aṣọ bá bọ́ sí gbangba, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á tún yí aró padà, á di búlúù tí omi kò lè fọ̀ kúrò.

Nítorí náà, afẹ́mọ̀dí ni mo ní ká fi rọ́pò ojúmìító. A-fẹ́-mọ̀-ìdí. Kí ẹnikẹ́ni má kọ "afẹ́mọ̀dìí" sí mi nítorí wádìí. Ohùn òkè ni wá. Nígbà tí a bá pa ì jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ríbi dúró sí, ló fi fò sórí dí: wádìí, ṣídìí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mọ̀ ní tirẹ̀, méjèèjì pàdé, wọ́n di ọ̀kan. Ta ló gbọ́ "ọ̀mọ̀wèé" rí? Ẹni tó sì kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé "ìdí" inú rẹ̀ á pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, ṣé ìdí inú "ìdílé" ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni?

Ní ti "ìmọ̀ ìjìnlẹ̀", Ifá náà, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Òfin náà, bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ sáyẹ́ǹsì lẹ ní lọ́kàn, sáyẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ. Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti jókòó sílé, ó ti bá wa jẹ iyán.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún àkọlé yẹn ṣe kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ itọ́ àti itó, mi ò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ o. Mò ń dúró de Àǹtí.