Iṣan tó lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀: ṣé kí wọ́n fà á yọ ni, àbí kí n wá owó lésà?

Ìyá Onídìrí, Kábbà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀kun o.

Onídìrí ni mí ní Kábbà, ẹni ọdún 47, ọlọ́mọ mẹ́rin. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń dúró ti orí olórí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé oníbàárà ló ń jókòó, àwa là ń dúró. Bí oṣù Kejìlá bá dé, tí àwọn ará Èkó àti Àbújá bá ti ń wálé ọdún, mo lè dúró láti aago méje àárọ̀ di mọ́kànlá alẹ́ kí n tó rántí pé mo ní ẹsẹ̀.

Ìgbà tí mo lóyún ọmọ mi kẹta ni iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí kọ́kọ́ yọ, ní ẹsẹ̀ òsì, bí òwú aláwọ̀ ewé tí ẹnì kan tẹ́ sábẹ́ awọ. Mo bímọ tán, ó wálẹ̀ díẹ̀. Oyún kẹrin dé, ó kó ẹbí àti ará rẹ̀ padà wá. Ní báyìí, ó ti wú gbọ́rọ̀gbọ́rọ̀ láti inú itan dé ojúgun, ó lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún bí ṣùkú tí ọmọ iṣẹ́ tuntun dì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tiẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ yín ti ń dirun fúnra rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìró ni mò ń ró, mi ò wọ síkẹ́ẹ̀tì mọ́.

Tó bá jẹ́ ti ẹwà nìkan ni, mi ò bá má dà á láàmú. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ náà á wúwo bíi pé wọ́n rọ omi kún un. Lóru pajápajá máa ń mú mi níbẹ̀, màá ta jí. Láti ọdún tó kọjá, awọ tó wà lókè kókósẹ̀ ti ń dúdú, ó sì ń yún mí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Mo lọ rí dókítà kan ní Lọ́kọ́ja. Ó ní kí n dìde dúró, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, pé àwọn á là mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, wọn á sì fa iṣan náà yọ. Ó kọ ìwé skáànù fún mi. Mo ti í sínú Bíbélì, torí mo rò pé oyún nìkan ni wọ́n ń fi skáànù wò, èmi ò sì lóyún. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ní kò sẹ́ni tó ń fa iṣan yọ mọ́ lọ́dọ̀ wọn, pé lésà ni wọ́n fi ṣe tòun, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rìn lọ sídìí bọ́ọ̀sì. Ọkọ mi tún béèrè pé, bí wọ́n bá yọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dànù, ibo ni ẹ̀jẹ̀ yóò wá máa gbà? Mi ò rí èsì fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ.

Ọmọ Bùnú

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ̀jẹ̀ burúkú ló kó jọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan sín gbẹ́rẹ́ sí i kí ẹ̀jẹ̀ dúdú yẹn jáde, ẹsẹ̀ á fúyẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe fún bàbá mi àgbà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Ọmọ Bùnú, mo bọ̀wọ̀ fún bàbá àgbà, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò o! Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú. Bí ènìyàn bá wà lórí ìdúró, bí omi inú táǹkì tó wà lókè ilé ṣe ń ti páìpù ìsàlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti iṣan náà. Ẹ fi abẹ kàn án, á tú jáde bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí. Mo ti rí ìyá kan tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú ìró tó rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. Kànìnkànìn ló kàn fi ha ẹsẹ̀ nígbà tó ń wẹ̀.

Ìyá Onídìrí, bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójijì, ẹ má dúró, ẹ má sì sáré. Ẹ dùbúlẹ̀ síbi tí ẹ wà, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè ju àyà yín lọ, kí ẹnì kan fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò. Ó máa dá. Ẹ wá lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má so okùn mọ́ òkè rẹ̀, ìyẹn á tún dá ẹ̀jẹ̀ dúró sínú iṣan ni.

Dúdú tí awọ ń dú lókè kókósẹ̀ yẹn ló yẹ kó lé yín jáde nílé. Ibẹ̀ gan-an ni egbò máa ń là sí. Àwọn àgbẹ̀ tí mò ń di egbò wọn, púpọ̀ nínú wọn ló kọ́kọ́ rí dúdú yẹn tí wọ́n sì pè é ní àpá ẹ̀fọn. Ọ̀kan wà tó fi ọdún mẹ́fà da lẹ́búlẹ́bú inú bátìrì sí tiẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ kan wà tó ń fún ẹsẹ̀ pọ̀: ó ń mú kó fúyẹ́, ṣùgbọ́n kì í wo iṣan sàn. Àárọ̀ kùtù, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́, ẹ ó sì bọ́ ọ tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ooru inú oṣù Kẹta, mo mọ̀, kò dẹrùn. Ṣùgbọ́n ẹ má dédé lọ rà á lọ́jà. Kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ìka ẹsẹ̀ yín dáadáa, pàápàá tí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà.

Tíṣà Àgbà, Ìsánlú

Ọmọ mi, ọ̀kun o. Jọ́gíráfì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ, lórí ìdúró. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ yín.

Wọ́n ṣe tèmi ní 2009, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Kò sí skáànù. Dókítà wo ẹsẹ̀, ó rí iṣan, ó fa ti iwájú tó gba inú itan yọ. Mo dúpẹ́, mo jó. Nígbà tó fi máa di 2015, òmíràn ti wú lẹ́yìn ojúgun. Ọ̀tọ̀ ni ìlú tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn yẹn ní kí n dúró, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé mi lẹ́yìn orúnkún, wọ́n ní ibí yìí ni jíjò wà, iṣan kékeré tó gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni, ó sì ṣeé ṣe kó ti máa jò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi bírò ya gbogbo ipa ọ̀nà rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo wolẹ̀, mo ní, "Dókítà, odò Ọya àti Bẹ́núé lẹ yà yìí, ìdàpọ̀ wọn ní Lọ́kọ́ja ló kù." Kò rẹ́rìn-ín. Bóyá ebi ń pa á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sinmi kí n tó padà sóko. Ara ẹsẹ̀ dúdú fún bí oṣù kan, kí ẹ má fòyà. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀ mi lóde tó kú tipiri títí dòní, bí kòkòrò bá bà lé e, mi ò ní mọ̀. Ìrora ti lọ ní tèmi.

Yọ ìwé yẹn kúrò nínú Bíbélì.

Dókítà Ìjùmú (mò ń ṣiṣẹ́ n'Ílọrin)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mi.

Ìbéèrè ọkọ yín ló jinlẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kúrò lẹ́sẹ̀ padà sí ọkàn: iṣan ńlá tó wà nínú lọ́hùn-ún láàárín ẹran, àti àwọn tó wà lábẹ́ awọ. Ti inú ló ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú gbogbo wọn, tó ń ṣí sókè nìkan. Nígbà oyún, ara iṣan á dẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní lè pàdé mọ́. Àwọn mìíràn tiẹ̀ jogún ilẹ̀kùn tí kò lágbára látọ̀dọ̀ ìyá tàbí bàbá wọn. Bí ó bá ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ti gòkè á tún máa jábọ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, iṣan tí ẹ ń wò yẹn ti ṣíwọ́ iṣẹ́, wàhálà ló ń dá sílẹ̀. Bí a bá mú un kúrò, ọ̀nà inú ni ẹ̀jẹ̀ máa gbà, bó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀.

Àfi tí ọ̀nà inú náà bá ti dí, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀ rí. Nígbà náà, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti òkè láìrò ó dáadáa. Ìdí skáànù nìyẹn. Duplex ni ẹ ó rí lórí ìwé yẹn. Lóòótọ́, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún ni, ṣùgbọ́n èyí ń fi pupa àti búlúù hàn ibi tí ẹ̀jẹ̀ kọjú sí. Ẹ ó dìde dúró, wọ́n á fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín pọ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ padà wálẹ̀.

Ìfàyọ tí dókítà Lọ́kọ́ja sọ kì í ṣe iṣẹ́ àtijọ́ tí a ń tijú rẹ̀. A ó là níbi tí itan ti pàdé ikùn, a ó so iṣan náà pa níbi tó ti ń wọnú ti inú, a ó ki wáyà sí i títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún, a ó sì fà á jáde. A kì í sábà fà á dé kókósẹ̀ mọ́, torí iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára bá a rìn pẹ́kípẹ́kí láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tó lọ́ bí ṣùkú yẹn ńkọ́? Ojú kéékèèké ni a ó dá lu, a ó fi ìkọ́ fà wọ́n. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tàbí ti oorun ni ẹ ó gbà.

Ti àbúrò yín, a kì í là á. A ó fi abẹ́rẹ́ wọ inú iṣan nítòsí orúnkún, a ó ti okùn tín-ín-rín gòkè, ẹ̀rọ skáànù ló ń tọ́ wa sọ́nà. A ó wá fún omi tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora yí iṣan náà ká látòkè délẹ̀, kí iná má baà jó ẹran. Lésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó ń jó nǹkan, lè jẹ́, ìgbì rédíò tó ń di ooru náà lè jẹ́. Ti rédíò ń gbóná tó 120 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí a ṣe ń fà á bọ̀ ni iṣan ń jóná tó ń pa dé. Ẹ ó rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Fóòmù tún wà: a ó po oògùn pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ títí á fi hó bí ọṣẹ, a ó gún un sínú iṣan kó lè lẹ̀ pọ̀. Kò le, ṣùgbọ́n òun ló sábà máa ń nílò àtúnṣe jù. Gúlúù náà wà, mọ̀lẹ́bí sùpágúlúù tí àwọn tó ń tún bàtà ṣe ń lò, owó rẹ̀ sì ga.

Àbúrò yín ò parọ́. Láti 2013 ni NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ lo iná (lésà tàbí rédíò), bí kò bá ṣeé ṣe, fóòmù, kó tó kan ìfàyọ. Ṣùgbọ́n ibi tí iná gbà ju ìfàyọ lọ jù ni ìrora àti iye ọjọ́ tí ẹ ó fi sinmi. Nípa pé kó lọ, méjèèjì ń ṣiṣẹ́, méjèèjì ló sì lè padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èmi, tó bá jẹ́ ìyá tèmi, ìfàyọ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é lemọ́lemọ́, tó sì wo skáànù, tẹ́ mi lọ́rùn ju lésà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ.

Ewu tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá wú lódindi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó ń dùn yín, tàbí tí èémí yín ń gé, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ rìn kiri láàárín ilé láti ọjọ́ kìíní. Ẹ má dùbúlẹ̀ bí abiyamọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ.

Ìyá Onídìrí, Kábbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́.

Mo yọ ìwé náà nínú Bíbélì, mo gba ọ̀nà Ọ̀bàjánà lọ, àárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì, mo sì ṣe skáànù. Ọmọ kékeré kan ló ṣe é, ó ń pè mí ní "Mọ́mì," ó ní kí n gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo rí ẹ̀jẹ̀ mi lójú ẹ̀rọ: ó fún ẹsẹ̀ mi, ó dá búlúù, ó tú u sílẹ̀, ó dá pupa gbòò, kò sì tètè lọ. Mo ní, "Kí nìyẹn?" Ó ní, "Òun ló ń padà wálẹ̀ yẹn, Mọ́mì." Ọdún mélòó ni mo ti ń pè é ní àárẹ̀.

Ti inú mọ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì. Iṣan ńlá ti iwájú ló jò láti itan dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ti ẹ̀yìn orúnkún dára. Tíṣà, mo ní kí wọ́n wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí yín. Ọkọ mi gba ohun tí Dókítà Ìjùmú kọ lórí ọ̀nà méjì gbọ́, òun ló wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò báyìí bíi pé òun ló kà á ní yunifásítì.

Mo béèrè lésà. Ibi tí wọ́n júwe jìnnà, owó rẹ̀ sì tó owó ilé ìwé ọmọ méjì. Dókítà Lọ́kọ́ja ní òun ń ṣe ìfàyọ lóṣooṣù, ó sì fi ẹsẹ̀ àwọn tó ti ṣe fún hàn mí nínú fóònù. Ìfàyọ ni mo gbà. Mi ò lè ṣe é kí ọdún tó parí, oṣù Kejìlá ni mo fi ń jẹun, nítorí náà a fi í sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní. Mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi téèpù wọn fún mi. Ó gbóná bí ìkòkò àmàlà, ṣùgbọ́n lánàá mo dirun orí mẹ́fà, pajápajá ò mú mi lóru.

Mo tún ra àga gíga onítáyà kan lọ́wọ́ bábà tó ń kógbá. Ẹ̀yin oníbàárà mi tó wà lórí ìkànnì yìí, tí ẹ bá wá lóṣù Kìíní, ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ ó bọ́ sí. Èmi á jókòó ní igun, ẹsẹ̀ á wà lórí páálí wíìgì, ẹnu ni n ó máa fi dirun.

Tíṣà Àgbà, Ìsánlú

Kí wọ́n má gbàgbé bírò o.