Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo Sin City, kí lojú yín rí?

Abẹ́ Odán: Ẹ kú àárọ̀ o. Mo tún wo Sin City lálẹ́ àná, fíìmù dúdú àti funfun tí Robert Rodriguez àti Frank Miller jọ darí ní 2005. Níbo lẹ ti kọ́kọ́ wò ó, báwo ló sì ṣe rí?

Ọmọ Mọ́kọlá: Nílé wa n'Ìbàdàn ni. Bọ̀dá mi ra síìdì ẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kó fíìmù bíi mélòó kan sínú ẹ̀ yẹn, bá a ṣe fi sí i gbogbo ẹ̀ dúdú àti funfun, Dádì bá dìde, wọ́n gbá tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbàà! Kò yí padà. Wọ́n tún gbá a. Ó wá kan obìnrin tó wọ aṣọ pupa yẹn, ètè ẹ̀ náà pupa fòò, Dádì ní "Ẹ ò rí i! Ó ti ń bọ̀ sípò." Wọ́n jókòó. Aṣọ pupa lọ. Wọ́n dìde. Kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ló máa lọ fa jẹ̀nẹ́rétọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́pà: "Ó ti ń bọ̀ sípò" 😂😂😂 mo kú

Àgbà Ìgbà: Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀ jàre. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn, ìgbájú lòògùn ẹ̀.

Jagunlabí: Tiwa le kenkà, wọ́n gbé tiwa dé ọ̀dọ̀ onítẹlifíṣọ̀n. Ó gbowó, ó ní wáyà kan ló já.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Irọ́ lèyí o. Ẹ ò fi fíìmù míì sí i wò kẹ́ ẹ tó gbé e?

Jagunlabí: Ẹ̀gbọ́n, ta ló láyà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi?

Ayàwòrán Èkó: Èmi tí mo ń ṣe editing, fíìmù yìí ló fà mí wọṣẹ́. Kò sí ìgboro kankan níbẹ̀ o, inú studio l'Austin ní Texas ni wọ́n ti yà á níwájú aṣọ àwọ̀ ewé, kọ̀ǹpútà ló kó ilé àti títì sí i, bí Miller ṣe yà á sínú ìwé àwòrán ẹ̀ tí iléeṣẹ́ Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1991. Ọkùnrin tó pọ́n bí oyin yẹn, Nick Stahl, àwọ̀ búlúù ni wọ́n kùn ún, kó lè rọrùn láti yọ ọ́ kí wọ́n fi yẹ́lò sí i. Mickey Rourke tó ṣe Marv àti Elijah Wood tó ṣe Kevin ò tiẹ̀ fojú kan ara wọn nígbà tí wọ́n ń yà á.

Ọmọ Mọ́kọlá: Dúró ná. Àwọn tó jà? Ṣebí Marv fi ṣẹ́kẹṣẹkẹ̀ de ọwọ́ ara ẹ̀ mọ́ ti Kevin!

Ayàwòrán Èkó: Wọ́n ya kálukú lọ́tọ̀, wọ́n wá so wọ́n pọ̀.

Jagunlabí: Ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Àgbà Ìgbà: Ohun tó wù mí ni ti Rodriguez. Ẹgbẹ́ àwọn dárẹ́tọ̀ l'Amẹ́ríkà ò gbà kí orúkọ Miller wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi dárẹ́tọ̀ kejì, ló bá fẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Kó wá ṣe bẹ́ẹ̀ ní gáréèjì tiwa, ká wo ibi tó ti máa rí èrò kó.

Ayàwòrán Èkó: Tarantino náà darí ibì kan níbẹ̀, inú mọ́tò tí òkú Jackie Boy ti ń bá Dwight sọ̀rọ̀. Dọ́là kan péré ló gbà, torí dọ́là kan náà ni Rodriguez gbà nígbà tó ṣe orin fún Kill Bill kejì tí Tarantino darí.

Jagunlabí: Èmi ya ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò fún mi ní jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọ̀pọ̀ obìnrin inú ẹ̀ fi jẹ́ aṣẹ́wó àbí oníjó ìhòòhò? Inú bí mi.

Abẹ́ Odán: Gail àti Miho ńkọ́? Àwọn ló ni Old Town, àdúgbò àwọn aṣẹ́wó yẹn.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Wọ́n ni ín, kí wọ́n wọṣọ náà.

Ọmọ Mọ́kọlá: Ibi tí Nancy ti ń jó ni màmá mi wọlé bá mi. Ọpẹ́lọpẹ́ iná tó lọ.

Àgbà Ìgbà: 😂😂 Ta ló wo apá kejì, ti 2014?

Jagunlabí: Mo sùn.

Ayàwòrán Èkó: Eva Green nìkan ló gbé e.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Òun náà, ṣé ó wọṣọ?