Lẹ́tà ìròyìn HTML láti inú Thunderbird dé inú Outlook: ibi tó ti ń dàrú

Ẹ má ṣe to lẹ́tà ìròyìn HTML (ímeèlì tí wọ́n fi kóòdù ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù kọ) nínú Thunderbird, ètò tí wọ́n fi ń kọ ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, rárá. Inú fáìlì ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ kóòdù, kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Nínú Account Settings, lábẹ́ Composition & Addressing, ẹ fi àmì sí “Compose messages in HTML format”. Ẹ ṣí lẹ́tà tuntun, ẹ tẹ Insert, ẹ tẹ HTML, kẹ́ ẹ lẹ kóòdù mọ́ inú àpótí tó bá yọ. Ohun tó wà láàárín <body> àti </body> nìkan ni kẹ́ ẹ lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ ẹ̀yìn tẹ́ ẹ kọ sára body kì í fi í bá a dé ibẹ̀. Ara tébù tó yí gbogbo lẹ́tà ká ni kẹ́ ẹ kọ bgcolor (àwọ̀ ẹ̀yìn) sí. Fífẹ̀ tébù kò gbọdọ̀ ju 600 píksẹ́lì lọ. Tó bá ti gún régé, ẹ fi Save As tọ́jú rẹ̀ bíi Template (àwòkọ tẹ́ ẹ lè tún lò).

* * *

Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó máa kà á ni wàhálà wà. Láti Outlook 2007 ni Outlook àtijọ́ (classic) orí Windows ti ń fi ẹ̀rọ Word ṣí HTML (Outlook tuntun kì í ṣe bẹ́ẹ̀), ìmọ̀ Word nípa CSS, kóòdù tó ń ṣètò ìrísí, ò sì tó nǹkan. Padding (àlàfo inú) tẹ́ ẹ fi sára div (àpótí lásán), kò ní kà á sí. Ẹ gbé e sára td (yàrá inú tébù), á gbọ́. Border-radius, tó ń sọ igun di róbótó, ń kọ́? Igun á yọ ṣonṣo ni. Àwòrán ló burú jù: tó bá fẹ̀ tó 1200 píksẹ́lì, tó sì jẹ́ max-width (òdiwọ̀n fífẹ̀ nínú CSS) nìkan lẹ fi dín in kù, bó ṣe fẹ̀ náà ló máa yọ, á sì ti tébù jáde lójú ìwé. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

<img src="https://…" width="600" style="display:block" alt="…">

Display:block yẹn ló ń pa ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà lábẹ́ àwòrán. Ẹ má sì sọ àwòrán di base64 (ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà) sínú kóòdù, torí Gmail kì í fi í hàn, lẹ́tà á sì wúwo. Gmail ń gé HTML tó bá ti kọjá 102 KB, líńkì tí èèyàn fi ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, tó sábà máa ń wà nísàlẹ̀, á sì bá a lọ.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà Yorùbá. Orúkọ èèyàn ló wà lókè lẹ́tà, kò dáa ká bà á jẹ́. Tí “Ẹniọlá” bá di “?ni?lá”, ANSI, ìlànà àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, lẹ fi tọ́jú fáìlì: “á” wà nínú rẹ̀, “ẹ” àti “ọ” kò sí. Ẹ ní láti tún wọn tẹ̀, torí lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì tó ti di “?” kì í padà. Tó bá jẹ́ “áº¹” lẹ rí níbi tó yẹ kí “ẹ” wà, ìyẹn yàtọ̀: UTF-8, ìlànà tó gba gbogbo lẹ́tà Yorùbá, ni fáìlì, àmọ́ nǹkan mìíràn ni wọ́n fi kà á. Kò tíì bàjẹ́; ẹ kọ <meta charset="utf-8"> sókè fáìlì, kẹ́ ẹ tún un ṣí. Ẹ tún wo “ẹ́” àti “ọ̀” dáadáa lórí fóònù: Unicode, àkójọ gbogbo lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà, kò ní ẹyọ kan fún wọn, “ẹ” tàbí “ọ” àti àmì tó gùn ún ni, fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n tò á ti àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

* * *

Ní ti fífi ránṣẹ́: Bcc (àyè tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí àdírẹ́sì ẹlòmíràn) ni, kì í ṣe To. Àkáǹtì Gmail lásán kì í fi ránṣẹ́ sí ju ẹni 500 lọ lóòjọ́. Tẹ́ ẹ bá kọjá rẹ̀, ó lè má jẹ́ kẹ́ ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ mọ́ títí dé wákàtí 24.